Ọ̀ṣọ́ àti Òpó: Ìtàn Ìrọ̀rùn Ojú Ìwé láti Ìgbà Àfọwọ́kọ títí dé Ìgbà Kọ̀ǹpútà

Gbogbo ohun tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀ ni ó kọ nítorí ẹni tí yóò kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu ní ohùn tí ó ń gbé e rìn, ó sì ní ojú àti ọwọ́ tí ó ń ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá yé olùgbọ́, ó lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé àti ojú ìwé nìkan ni wọ́n jọ kojú ara wọn. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè ti kú, ó sì lè wà ní òkè òkun. Nítorí náà ni ètò tí a fi tẹ́ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé fi ṣe pàtàkì: bí lẹ́tà ti tóbi tó, bí ìlà ti gùn tó, àyè tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, àti àwọn àmì tí ó wà lórí lẹ́tà tàbí ní abẹ́ rẹ̀. Bí ètò yìí bá dára, òǹkàwé kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Bí kò bá dára, òun ni yóò kọ́kọ́ gbún òǹkàwé lójú.

Ní ayé òde òní, ojú kọ̀ǹpútà àti ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kàwé. Àwọn tí ó ń ṣètò ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti fi ẹnu kò lórí ìlànà kan, pé kí ojú ìwé rọrùn, kí ó sì ṣe é kà. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í rọrùn láti dáhùn: nínú ohun gbogbo tí ó wà lójú ìwé, èwo ni ọ̀ṣọ́, èwo sì ni òpó? Ọ̀dà ni a fi ń kun ògiri. Bí a bá họ ọ́ kúrò, ilé kò ní wó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yọ òpó ilé nítorí pé ó fẹ́ kí ilé ní àyè, òrùlé ni yóò fi orí gbà. Ìbéèrè yìí kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, ìtàn ìrọ̀rùn ojú ìwé ni ó sì lè fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ní ìgbà ayé àwọn ará Róòmù, ìwé Látìn kò ní àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ bí ó ti ní in lónìí. Akọ̀wé a máa to lẹ́tà mọ́ lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà títí dé òpin rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Òǹkàwé ni yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ wá ibi tí ọ̀rọ̀ kan gbé parí tí òmíràn sì gbé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn tí ó ń gbé ní ilé àdádó ní ilẹ̀ Ireland ni wọ́n sọ àlàfo di àṣà, ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje àti ìkẹjọ. Látìn kì í ṣe èdè abínibí wọn. Inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ, etí wọn kò sì lè ran ojú wọn lọ́wọ́ bí ti àwọn tí wọ́n fi mu ọmú. Ohun tí onílé ń fo kọjá láìmọ̀, àlejò a máa fi ẹsẹ̀ kọ. Kò sí lẹ́tà tuntun kan tí wọ́n fi kún ìwé. Àyè lásán ni wọ́n fi sí i. Síbẹ̀, àyè lásán yìí ni ó jẹ́ kí ojú lè dá ọ̀rọ̀ mọ̀ kí ẹnu tó pè é.

Ní nǹkan bí ọdún 1455, Johannes Gutenberg fi ẹ̀rọ tẹ Bíbélì èdè Látìn ní ìlú Mainz ní ilẹ̀ Jámánì. Ó pín ojú ìwé sí apá méjì ní òòró, ìlà 42 ni ó sì wà ní apá kọ̀ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ jùlọ ojú ìwé náà. Ìlà kúkúrú a máa jẹ́ kí ojú lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí ó tẹ̀ lé e láìṣìnà. Ní ọdún 1501, Aldus Manutius, òǹtẹ̀wé ìlú Venice, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iṣẹ́ àwọn akéwì àtijọ́ sí ìwé kékeré tí ó ṣe é mú lọ́wọ́. Ṣáájú àsìkò rẹ̀, àlàyé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó máa ń yí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ká bí ọgbà, tí ọ̀rọ̀ akéwì fúnra rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ má ní ibi tí yóò jókòó sí. Aldus yọ àlàyé náà kúrò, ó sì fi ọ̀rọ̀ akéwì nìkan sílẹ̀ fún òǹkàwé.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìṣòro mìíràn ni ó yọjú. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní London ní ọdún 1843. Lẹ́tà fáwẹ̀lì márùn-ún tí Látìn ní kò tó fún fáwẹ̀lì àìránmúpè méje tí ó wà nínú èdè Yorùbá. Kò sì sí ohunkóhun nínú wọn tí ó lè fi hàn bóyá ohùn lọ sókè tàbí ó lọ sílẹ̀. Owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀ àti ọ̀wọ̀: ohun márùn-ún tí ó yàtọ̀ ni wọ́n. Bí a bá yọ àmì ara wọn kúrò, lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni ó kù, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ bóyá ohun tí a fi ń ra ọjà ni tàbí ohun tí a fi ń gbá ilẹ̀.

Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1855, nínú èyí tí ó ti là á sílẹ̀ bí a ti lè fi lẹ́tà Róòmù kọ gbogbo èdè ayé. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ìró kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, àti pé níbi tí lẹ́tà kò bá tó, kí a fi àmì kún un. Ẹgbẹ́ C.M.S. tẹ́wọ́ gba ètò yìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a óò ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi ẹnu kò sí níbẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé tẹ̀ lé fún ìgbà pípẹ́.

Láàárín àsìkò yìí kan náà ni ìwé ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀. Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1854. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ó tẹ Ìwé Ìròyìn jáde fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ọgọ́fà owó ẹyọ sì ni iye tí a ń tà á. Ọdún 1867, nígbà Ìfọ́lé, ni ìwé ìròyìn náà dáwọ́ dúró. Àwọn tí ó ń rà á kò tíì mọ ìwé kà tipẹ́. Irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ kì í fojú fo ohunkóhun. Gbogbo lẹ́tà ni ó ń kà, gbogbo àmì ni ó sì ń gbára lé.

Ní ọdún 1966, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti tún àkọtọ́ yẹ̀ wò. Àtúnṣe tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 1974. Ó tọ́ kí a kíyèsí ohun tí àtúnṣe yìí yọ kúrò àti ohun tí ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ “aiye” tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ó ń kọ “ayé”. “Ẹiyẹ” di “ẹyẹ”. “Nwọn” di “wọ́n”. Lẹ́tà tí a yọ kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe, nítorí pé ẹnu kì í pè é. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn dúró sí ipò wọn, nítorí pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Àní nínú àmì ohùn pàápàá, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wà níbẹ̀: ohùn mẹ́ta ni èdè náà ní, ṣùgbọ́n àmì méjì ni ó ń lò, a sì fi ohùn àárín sílẹ̀ láìsí àmì. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí kò tíì gbọ́ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya ọ̀ṣọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òpó.

Ní ilẹ̀ àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà, ìjíròrò yìí kan náà ń lọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1930, Beatrice Warde, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú òwò ìtẹ̀wé ní London, bá àwọn òǹtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Ó fi ìtẹ̀wé wé ife tí a fi ń mu wáìnì, ó sì ní ẹni tí ó mọ adùn wáìnì yóò yan ife dígí tí ó mọ́ gaara ju ife wúrà lọ, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ife ni ó ń wá. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, kò sí irú ife bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ní láti há àṣẹ sórí, kí ó sì tẹ̀ wọ́n láìṣi lẹ́tà kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, ní ìlú San Francisco, Douglas Engelbart fi han àwọn ènìyàn bí a ti lè fi ohun èlò kékeré kan, tí a wá mọ̀ sí máòsì, nàka sí ohun tí a ń fẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ Xerox kọ́ Alto ní ọdún 1973, ó sì gbé Star sí ọjà ní ọdún 1981. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ Apple mú Macintosh jáde, pẹ̀lú àwọn àwòrán kéékèèké tí Susan Kare yà fún un. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí kò ju ẹyọ kan lọ: ó rọrùn fún ènìyàn láti dá ohun tí ó rí mọ̀ ju kí ó máa rántí ohun tí kò rí lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà ní ẹ̀bá ìlú Geneva, dá àbá bí a ti lè so ìwé inú kọ̀ǹpútà kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn. Ní ọdún 1991 ni iṣẹ́ náà di ti gbogbo ayé. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kò ní àwòrán, kò sì ní ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ni, àti líǹkì tí ó ń mú òǹkàwé lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Mosaic jáde láti Yunifásítì Illinois, tí ó jẹ́ kí àwòrán lè wà láàárín ọ̀rọ̀ lójú ìwé kan náà.

Láti ìgbà náà ni ojú ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ lé aṣọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994 ni ìpolówó ọjà gba orí ojú ìwé HotWired. Netscape mú àṣẹ kan wá tí ó ń mú kí lẹ́tà máa ṣẹ́jú, tí yóò hàn tí yóò sì tún parẹ́; ọdún 2013 ni Firefox tó fi àṣẹ náà sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi àwòrán tí ó ń jó sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ lẹ́tà pupa sórí àwọ̀ búlúù, wọ́n sì ń fi orin sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè orin. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Òǹkàwé wá ọ̀rọ̀ títí, ọ̀ṣọ́ ni ó rí.

Àtúnṣe kò pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, Håkon Wium Lie, ọmọ ilẹ̀ Norway, dá àbá CSS. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996 ni àjọ W3C fi òǹtẹ̀ lù ú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ tí a wọ̀ fún un, tí ó fi jẹ́ pé a lè pààrọ̀ aṣọ láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀, òǹkàwé tí ojú rẹ̀ kò sì dá ṣáká lè sọ lẹ́tà di ńlá fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1998, Google jáde pẹ̀lú ojú ìwé tí kò ní ju orúkọ rẹ̀, àpótí kan tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí, àti ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ń wá nǹkan rí i pé ibẹ̀ kì í dí wọn lọ́wọ́.

Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí ní ohun tí àwọn àgbà Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́, pé ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ bí ẹ̀yìn òun ti wọ́. Ẹni tí ó ṣe ojú ìwé mọ ibi tí ohun gbogbo wà nítorí pé òun ni ó fi wọ́n síbẹ̀; kò lè mọ ibi tí àlejò yóò ti ṣìnà. Nielsen ní kí a pe àwọn tí yóò lo ojú ìwé náà wá, kí a fún wọn ní iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, kí a sì dákẹ́ kí a máa wò wọ́n. Ní ọdún 2000, ó kọ ọ́ pé ènìyàn márùn-ún péré lè fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú àléébù ojú ìwé hàn. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyàwó ilé kì í sè é. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí baálé ń jẹ.

Ní ọdún 1999, W3C gbé ìlànà jáde kí àwọn afọ́jú àti àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn lè máa lo ojú ìwé bí ẹlòmíràn. Nínú ìlànà ti ọdún 2008, a fi ìṣirò sí i: ìyàtọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà àti ti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1, àfi bí lẹ́tà bá tóbi. Ìlànà kan náà ní kí a sọ fún ẹ̀rọ irú èdè tí a fi kọ ojú ìwé. Àmì “yo” ni ti Yorùbá, kí ẹ̀rọ tí ó ń ka ìwé sókè fún afọ́jú má baà fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kà á. Nígbà tí fóònù gba ọwọ́ gbogbo ènìyàn, Ethan Marcotte fi hàn ní ọdún 2010 bí ojú ìwé kan ṣoṣo ti lè tẹ́ ara rẹ̀ sí ìwọ̀n ohun èlò tí a fi ń wò ó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí GOV.UK. Ojú ìwé náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan tí ó tó sọ; lẹ́tà ńlá, ọ̀rọ̀ kúkúrú àti àyè funfun ni. Síbẹ̀, òun ni Design Museum ti London fún ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà tí ó ta yọ jùlọ ní ọdún 2013.

Ibi tí ìrọ̀rùn ti ṣẹ́gun yìí gan-an ni ewu wà fún èdè Yorùbá. Ìpìlẹ̀ tí a gbé kọ̀ǹpútà kà ni ASCII ti ọdún 1963, tí àyè 128 péré wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí àyè. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ wá dà bí ohun tí kò pọn dandan. Unicode tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 ni ó tún un ṣe, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1993. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. A ní láti so wọ́n pọ̀ ni. Bí ẹni tí ó ṣètò ojú ìwé kò bá yan irú lẹ́tà tí ó mọ̀ wọ́n, àmì ohùn a ṣí kúrò lórí lẹ́tà, a sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ bí fìlà tí afẹ́fẹ́ gbé. Ọ̀nà tí a lè gbà so wọ́n pọ̀ sì ju ọ̀kan lọ. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, ó yàtọ̀, àfi bí a bá lo òfin tí Unicode fi sílẹ̀ láti sọ wọ́n di ọ̀kan. Níbi tí a kò bá ti lò ó, ẹni tí ó ń wá “ọ̀wọ̀” lè gbọ́ pé kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Ó tún kan orúkọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ṣe fún lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí wọn yóò sì sọ fún ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ti tọ́ pé ó ṣe àṣìṣe. Ẹni tí òbí rẹ̀ sọ ní Ayọ̀ a wá di “Ayo”, òǹkàwé kò sì mọ̀ bóyá ìdùnnú ni tàbí ayò ọlọ́pọ́n. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Fọ́ọ̀mù kò wo ilé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lè ka ìwé aláìlámì, pé ọ̀rọ̀ tí ó wà ní iwájú àti ní ẹ̀yìn yóò fi ìtumọ̀ hàn án. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ òtítọ́ pé àwọn ará Róòmù lè ka ìwé tí kò ní àlàfo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè fi òye dí àléébù ojú ìwé ni ẹni tí kò nílò ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí London, ẹni tí ó ń kọ́ èdè àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, àti afọ́jú tí ẹ̀rọ ń kàwé fún, wọ́n wà ní ipò tí àwọn ẹlẹ́sìn ilẹ̀ Ireland wà. Ojú ìwé nìkan ni olùkọ́ wọn. Bí olùkọ́ náà bá gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì, kò sí ẹni tí wọn yóò tún bi léèrè.

Nítorí náà, àwọn tí ó ń ṣètò ojú ìwé Yorùbá lónìí kò ní láti yan láàárín ìrọ̀rùn àti àmì. Kí wọ́n yọ ìpolówó tí ó ń ṣẹ́jú, kí wọ́n dín àwọ̀ kù, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà kí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ má baà kọlu ara wọn, kí wọ́n yan irú lẹ́tà tí ó mọ ẹ́ àti ọ̀, kí wọ́n sì ṣe fọ́ọ̀mù tí yóò gba orúkọ bí ìyá ọmọ ti ń pè é. Ìlànà tí ó yọ “i” kúrò nínú “ẹiyẹ” tí ó sì fi àmì sílẹ̀ lábẹ́ “ẹ” kò tíì gbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbá ilé mọ́ lè kó gbogbo ohun tí kò ní iṣẹ́ jáde. Kí ó ṣáà fi ọwọ́ kan òpó wò kí ó tó gbé àáké.